Bells Beach: Etíkun tí ìgbì ti sọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní omi kò ní ọ̀tá. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, nítorí omi la fi ń wẹ̀, òun náà la fi ń sebẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró lórí òkè tó kọjú sí òkun ní Bells Beach, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, lọ́jọ́ tí ojú òkun bá le, yóò rí i pé omi tí kò ní ọ̀tá yìí kì í ṣe ọ̀rẹ́ gbogbo ènìyàn. Ìgbì á gbéra láti ọ̀nà jíjìn, á ga ju ilé alájà kan lọ, á tẹ orí ba bí ẹni fẹ́ kí ọba, á sì wó lulẹ̀ pẹ̀lú ariwo bí ààrá. Ohun tó máa ń ya àlejò lẹ́nu jù ni pé inú ìgbì yìí gan-an ni tọkùnrin tobìnrin ti ń dìde dúró lórí pátákó pẹlẹbẹ, tí wọ́n ń sáré bọ̀ létí omi bí ẹni gun ẹṣin.

Bells Beach wà ní ìpínlẹ̀ Victoria, nítòsí ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Torquay. Bíi 100 kìlómítà ni ibẹ̀ sí Melbourne, tí í ṣe olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà. Ẹni tó bá wa mọ́tò láti Melbourne yóò gba Geelong kọjá, kò sì yẹ kó lò ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ bí kò bá sí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ lójú ọ̀nà.

Àlejò tó bá ti ń retí ilé ìtura gogoro, ilé ọtí àti orin aláriwo gẹ́gẹ́ bó ṣe wà ní ọ̀pọ̀ etíkun tó lórúkọ lágbàáyé, ìyàlẹ́nu ló máa bá pàdé. Kò sí ọ̀kan nínú wọn níbẹ̀. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ló wà níbẹ̀, àti àtẹ̀gùn tó sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè dé orí iyanrìn, àti bèbè òkè tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ilẹ̀ amọ̀, àti igbó kéékèèké tí atẹ́gùn òkun ti tẹ̀ kọdọrọ. Lẹ́yìn ìyẹn, òkun ló kù. Kì í ṣe pé owó ni kò sí tí wọn kò fi kọ́ nǹkan kan síbẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni.

Ilẹ̀ tó ti lóní kí òyìnbó tó dé

Kí òyìnbó tó gúnlẹ̀ sí Ọsirélíà, àwọn ẹ̀yà Wadawurrung ló ni gbogbo agbègbè náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni wọ́n fi gbé níbẹ̀, tí wọ́n ń jẹ nínú oore òkun àti ti igbó. Títí di òní, bí wọ́n bá fẹ́ ṣí ìdíje ńlá tó máa ń wáyé níbẹ̀, àwọn ọmọ onílẹ̀ yìí ló máa ń kọ́kọ́ kí àlejò káàbọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fẹsẹ̀ kan omi.

Orúkọ tí gbogbo ayé wá mọ etíkun náà sí lónìí, ti ìdílé òyìnbó kan tó ń jẹ́ Bell ni, àwọn tó ní ilẹ̀ lágbègbè náà ní ọ̀rúndún 19. Níwọ̀n ìgbà tó sì jẹ́ pé agogo ni bell túmọ̀ sí lédè Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó yá, agogo náà ni wọ́n fi ṣe ife-ẹ̀yẹ ìdíje wọn. Ẹni tó bá borí ní Bells Beach kì í gbé ife bíi ti bọ́ọ̀lù. Agogo ni wọ́n ń gbé fún un, yóò gbé e sókè, yóò sì mì ín kí gbogbo èrò gbọ́ ohùn rẹ̀.

Katapílà tó la ọ̀nà

Gígun ìgbì kì í ṣe eré tí wọ́n bá lọ́wọ́ àwọn òyìnbó Ọsirélíà. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Hawaii ló ti wá. Ẹni tó jẹ́ kó gbilẹ̀ jù ní Ọsirélíà ni Duke Kahanamoku, ògbóǹtarìgì òmùwẹ̀ ọmọ Hawaii tó ti gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà ní ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 1912. Ní ìparí ọdún 1914, ó gun ìgbì lójú ọ̀pọ̀ èrò ní etíkun Freshwater, ní Sydney. Láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀dọ́ Ọsirélíà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ pátákó tiwọn.

Àwọn ọ̀dọ́ Torquay ti mọ̀ láti bí ọdún 1939 pé ìgbì gidi wà ní Bells Beach, ṣùgbọ́n àtidé ibẹ̀ ni ìṣòro. Kò sí ọ̀nà mọ́tò. Pátákó ìgbà náà sì wúwo, ẹni tó bá fẹ́ gbé e gba inú igbó àti orí òkè lọ, yóò ti rẹ̀ ẹ́ kó tó rí omi. Ìgbà tó di ọdún 1960 ni Joe Sweeney, ajìjàkadì tó ti ṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní Òlíńpíìkì, tí òun náà fẹ́ràn láti máa gun ìgbì, háyà katapílà, tó sì la ọ̀nà gba orí òkè náà. Owó ara rẹ̀ ló ná. Kí owó rẹ̀ lè padà wọlé, ó ní kí olúkúlùkù ẹni tó bá fẹ́ gbabẹ̀ lọ gun ìgbì san pọ́n-ún kan.

Ní ọdún 1962, Peter Troy àti Vic Tantau ṣètò ìdíje àkọ́kọ́ níbẹ̀. Láìpẹ́, ó di ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà ọdún Àjíǹde. Ní ọdún 1973, ìdíje náà di ti àwọn tó fi gígun ìgbì ṣiṣẹ́ jẹun, owó sì wọ inú rẹ̀. Àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà kò jẹ́ kó wáyé ní ọdún 2020, ṣùgbọ́n ó ti padà sí Bells Beach láti ọdún 2022. Nínú gbogbo ìdíje gígun ìgbì tó wà lágbàáyé, kò sí èyí tó pẹ́ tó o.

Àwọn obìnrin náà kò gbẹ́yìn. Gail Couper, ọmọ agbègbè etíkun Victoria, gba ipò kìíní níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárín àwọn ọdún 1960 àti 1970, nígbà tí kò sí owó gidi kan nínú eré náà fún obìnrin. Ìgbà tó di ọdún 2019 ni àjọ tó ń darí ìdíje gígun ìgbì lágbàáyé ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í san iye owó kan náà fún ọkùnrin àti obìnrin tó bá borí.

Ibi tí ìgbì ti ń wá

Ẹni tó bá dé Bells Beach lè bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tó jẹ́ ibí ni ìgbì ti ń ga tó báyìí. Ìdáhùn rẹ̀ kò sí létíkun náà rárá. Ó wà lọ́ọ̀ọ́kán gúúsù, níbi tí òkun ti tẹ́ lọ salalu títí dé ilẹ̀ yìnyín. Kò sí ilẹ̀ ńlá kan níbẹ̀ tó lè dá afẹ́fẹ́ dúró, nítorí náà ìjì máa ń jà lójú omi fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Agbára ìjì yìí ló ń di ìgbì, tí ìgbì ń rìn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà kó tó kan ilẹ̀.

Bí ìgbì náà bá ti ń sún mọ́ Bells Beach, àpáta tó wà lábẹ́ omi á dá ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n òkè rẹ̀ á ṣì máa sáré bọ̀. Ó dà bí ẹni tó ń sáré tó fẹsẹ̀ kọ gbòǹgbò: ẹsẹ̀ dúró, orí ń lọ, ó di kó ṣubú. Bí àpáta náà ṣe dagun ni kì í jẹ́ kí ìgbì ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ẹ̀gbẹ́ kan ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó, tí yóò máa wó lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Àyè díẹ̀ tó wà níwájú ibi tó ń wó yìí ni àwọn olùgun-ìgbì ń sá sí. Bí ẹni náà bá pẹ́ jù, omi á gbé e mì. Bó bá yára jù, ìgbì á já a sílẹ̀.

Omi ibẹ̀ tutù. Kódà nígbà ooru, aṣọ rọ́bà tó fún mọ́ ara ni ọ̀pọ̀ ń wọ̀ wọnú rẹ̀. Òtútù yìí gan-an wà lára ohun tó sọ Torquay di ìlú oníṣòwò. Ní ọdún 1969, Doug Warbrick àti Brian Singer dá ilé-iṣẹ́ Rip Curl sílẹ̀ níbẹ̀, pátákó ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń ṣe kí wọ́n tó kọjú sí aṣọ rọ́bà. Ní ọdún náà gan-an ni ilé-iṣẹ́ Quiksilver, tó gbajúmọ̀ nínú ṣòkòtò etíkun, bẹ̀rẹ̀ ní Torquay kan náà. Lónìí, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà fún ìtàn gígun ìgbì ní Ọsirélíà wà nínú ìlú náà.

Lẹbẹ mẹ́ta Simon Anderson

Ọjọ́ kan tí àwọn àgbà eléré yìí kò lè gbàgbé ni Sátidé ọdún Àjíǹde ọdún 1981. Lọ́jọ́ náà, ìgbì tó wá ga débi pé ó tó ìlọ́po méjì, kódà ó ju ìlọ́po méjì ènìyàn lọ. Pátákó tí ọ̀pọ̀ wọn ń lò nígbà náà, lẹbẹ kan tàbí méjì ló ní nísàlẹ̀, bíi lẹbẹ ẹja, èyí tó ń jẹ́ kó dúró lójú omi. Simon Anderson, gìrìpá ọkùnrin kan láti Sydney, gbé pátákó tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wá, tó fi lẹbẹ mẹ́ta sí. Bí pátákó àwọn mìíràn ṣe ń yọ̀ tẹ̀rẹ́, ti Anderson di omi mú, ó ń yí síbi tó bá darí rẹ̀ sí. Òun ló gba agogo lọ́dún náà.

Lónìí, púpọ̀ jù lọ nínú pátákó tí wọ́n fi ń gun ìgbì káàkiri àgbáyé ló ní lẹbẹ mẹ́ta. Síbẹ̀, Anderson kò gba ìwé àṣẹ oníhùmọ̀ lé iṣẹ́ ọpọlọ náà lórí, nítorí náà owó kékeré tó yẹ kó máa bọ́ sí i lápò lórí pátákó kọ̀ọ̀kan kò bọ́ sí i. Orúkọ rere ló jẹ níbẹ̀.

Àwọn tó fẹ́ràn fíìmù Amẹ́ríkà náà lè ti gbọ́ orúkọ Bells Beach rí. Nínú fíìmù Point Break tó jáde ní ọdún 1991, èyí tí Patrick Swayze àti Keanu Reeves kópa nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ní ìtàn náà parí sí. Ṣùgbọ́n ojú lásán ni wọ́n fi tan òǹwòran. Ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ya apá náà. Ẹni tó bá fi ìgbàgbọ́ fíìmù dé Bells Beach, igi gogoro tó rí lórí òkè nínú fíìmù kọ́ ni yóò bá níbẹ̀.

Olóòtú ìjọba tí òkun gbé lọ

Ẹwà etíkun Victoria yìí kò gbọdọ̀ mú kí ènìyàn gbàgbé pé ó ń pani. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kejìlá, ọdún 1967, Harold Holt, ẹni tó jẹ́ Olóòtú ìjọba Ọsirélíà nígbà náà, lọ wẹ̀ ní Cheviot Beach, nítòsí Portsea, ní ìpínlẹ̀ Victoria kan náà. Ẹni ọdún 59 ni. Ó mọ ìwẹ̀ dáadáa, ó sì mọ etíkun náà bí ẹni mọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Omi ru gùdù lọ́jọ́ náà, àwọn tó bá a lọ sì ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n Holt wọlé. Ojú wọn ló ṣe tí omi fi fà á lọ. Àwọn ọmọ ogun ojú omi, ọlọ́pàá àti òmùwẹ̀ wá a títí. Wọn kò rí òkú rẹ̀ dòní. Ọdún 2005 ni ìwádìí ìjọba ìpínlẹ̀ náà tó kéde pé ó rì sómi láìròtẹ́lẹ̀. Ibi tí àwọn ará Melbourne sọ lórúkọ rẹ̀ láti fi ṣèrántí rẹ̀, ibi ìlúwẹ̀ẹ́ ni.

Ṣáájú ìgbà náà, ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹfà, ọdún 1878, ọkọ̀ ojú omi Loch Ard tó ń bọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọlu àpáta níwájú sí i létíkun kan náà, nígbà tó ku díẹ̀ kó dé Melbourne. Ènìyàn 54 ló wà nínú rẹ̀. Méjì péré ló yè: Tom Pearce, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ṣẹ́ awakọ̀ ojú omi, àti Eva Carmichael, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń bá àwọn òbí rẹ̀ rìn. Tom ti gúnlẹ̀ kó tó gbọ́ igbe Eva, ló bá padà sínú omi lọ fà á jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń retí pé àwọn méjèèjì yóò fẹ́ ara wọn, ṣùgbọ́n Eva padà sí Ireland, kálukú sì bá tirẹ̀ lọ.

Ibi tó parọ́rọ́ gan-an ni ewu wà

Ohun tó ń pa ènìyàn jù létíkun Ọsirélíà kì í ṣe ẹja abìjà tí fíìmù fi ń dẹ́rù bani. Omi tó ń fani lọ sáàárín òkun ni. Bí ìgbì ṣe ń gbé omi wá sétí iyanrìn, omi náà gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà padà. Yóò wá ibi tó jinlẹ̀, yóò sì gba ibẹ̀ sàn padà bí odò kékeré. Bí ó bá le, ó lè yára ju ẹni tó mọ ìwẹ̀ jù lọ.

Ohun tó wá burú níbẹ̀ ni pé ojú ibi tí omi ń gbà padà yìí máa ń parọ́rọ́. Ìgbì kì í fi bẹ́ẹ̀ wó níbẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń dúdú díẹ̀. Àlejò tí kò mọ̀ á wò ó, á rí i pé ọ̀tún ń ru, òsì ń ru, àárín dákẹ́ jẹ́jẹ́, á sì ní ibẹ̀ ló dára jù fún òun àti àwọn ọmọ òun. Àṣìṣe ńlá gbáà ni.

Ìdí nìyí tí àwọn adóòlà ẹ̀mí létíkun, tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn kì í gba owó, fi máa ń ri àsíá pupa àti yẹ́lò mọ́ iyanrìn. Àárín àsíá méjèèjì ni wọ́n ti ń ṣọ́ ènìyàn. Bí kò bá sí àsíá, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ni nìyẹn. Bells Beach kì í ṣe ibi ìlúwẹ̀ẹ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́ fẹsẹ̀ kan omi, Torquay ló dára kó lọ nígbà ooru, nígbà tí àwọn adóòlà bá wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹni tí omi bá ti fà, ìmọ̀ràn tí àwọn adóòlà máa ń fún un ni pé kó má ṣe bá omi jìjàkadì. Àárẹ̀ ló ń pani níbẹ̀. Kí ó farabalẹ̀, kí ó léfòó, kí ó gbé ọwọ́ kan sókè kí wọ́n lè rí i. Bó bá ní agbára, ẹ̀gbẹ́ ni kó wẹ̀ sí, kì í ṣe tààrà sí etí omi, títí yóò fi bọ́ kúrò nínú omi tó ń fà á, níbi tí ìgbì á ti máa tì í padà sí ilẹ̀.

Ọ̀nà àwọn ológun

Torquay náà ni ọ̀nà ńlá tó gba etí òkun lọ ti bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Great Ocean Road. Ó gùn tó bíi 240 kìlómítà. Bíi 3,000 ọmọ ogun tó ti ojú ogun àgbáyé àkọ́kọ́ bọ̀ ló là á láàárín ọdún 1919 sí 1932, shọ́bìrì àti díígà ni ọ̀pọ̀ wọn fi ṣe é. Ìrántí àwọn akẹgbẹ́ wọn tó bógun lọ ni wọ́n pe ọ̀nà náà.

Ẹni tó bá tọ̀ ọ́ lọ yóò dé ibi tí àwọn òpó àpáta gogoro ti dúró nínú òkun, tí orúkọ wọn ń jẹ́ Twelve Apostles, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò pé méjìlá rí. Ọ̀kan nínú wọn wó ní ọdún 2005, ó wá ku mẹ́jọ. Ní oṣù Kìíní, ọdún 1990, afárá àpáta kan tó wà nítòsí wó lójijì, ènìyàn méjì sì há sórí èyí tó kù láàárín omi. Ọkọ̀ hẹlikópútà ló wá gbé wọn. Òkun tó gbẹ́ àwọn àpáta náà lọ́nà tó rẹwà, òun náà ló ń jẹ wọ́n díẹ̀díẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi dá a sí

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìtàn Bells Beach kò pin sórí eré ìdárayá. Nígbà tí orúkọ rẹ̀ kàn, ìrọ̀rùn ni kí wọ́n ta orí òkè náà fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé. Òkun tó rẹwà bẹ́ẹ̀, owó gọbọi ló máa mú wá. Àmọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, wọ́n fi òfin ya ibẹ̀ sọ́tọ̀ fún gígun ìgbì, kò sì sí irú rẹ̀ rí lágbàáyé. Láti ìgbà náà, bí ọdún Àjíǹde bá dé, wọ́n á to àgọ́ àti àga fún ìdíje, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò á wá. Bí ìdíje bá parí, wọ́n á tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ èrò ti pa koríko, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ti gbin igi ìbílẹ̀ padà sí i, nítorí gbòǹgbò ló ń di òkè mú kí òjò má baà wọ́ ọ lọ sínú òkun.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilé. Ní Tarkwa Bay, l'Ékòó, ó ti pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń gun ìgbì. Ní oṣù Kìíní, ọdún 2020, ìjọba fi ológun lé ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ kúrò nílé wọn, ilé sì di àlàpà. Ìgbì Tarkwa Bay àti ti Bells Beach, òkun ló ni méjèèjì. Ohun tó yàtọ̀ ni bí àwọn tó wà lórí ilẹ̀ ṣe pinnu ẹni tí etíkun wà fún.

Ẹni tí Ọlọ́run bá fún láǹfààní àtidé Bells Beach, kó dúró lórí òkè náà, kó wo iṣẹ́ Ẹlẹ́dàá. Bó bá tún sọ̀ kalẹ̀ dé orí iyanrìn, kó rántí Harold Holt, ẹni tó mọ ìwẹ̀, tó mọ etíkun rẹ̀, tó sì di ipò tó ga jù nílùú mú. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò. Bí ó bá ṣe odò ni wọ́n ń sọ báyẹn, kí ni ká wá ti òkun wí?